Ogún Kọ́, Àbímọ́ Ni: Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ó Dá Lórí Ohun

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ni ó sì fà mí wọ inú ọ̀ràn yìí.

Ní Ìpetumodù, níbi tí a ti mọ àwọn obìnrin mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ láti ayébáyé, mo pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá lo ìsinmi nílé. Ó ń múra ìdánwò, ó ń há ìtumọ̀ class, object àti inheritance sórí. Mo bi í pé kí ni inheritance. Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣì kan. Mo ní, “Ọmọ mi, sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ogún jíjẹ ni, sà.” Mo ní, “Ta ni ó kú?” Kò rí nǹkan kan sọ. Ìbéèrè yẹn ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí orísun. Ní Oslo, ní orílẹ̀-èdè Norway, ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Simula ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè ṣe àfarawé iṣẹ́ ayé: èrò tí ó tò sórí ìlà, ẹrù tí ń wọ ilé-iṣẹ́ tí ó sì ń jáde. Nínú Simula ti 1967, ọdún kan náà tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀, ẹni tí ó ń kọ ètò yóò kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀yà ohun kan, ohun tí ó ní àti iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò dá iye ohun tí ó bá fẹ́ láti inú àpèjúwe náà. Bí ó bá fẹ́ fa ẹ̀yà tuntun yọ láti ara ti àtijọ́, yóò kọ orúkọ ti àtijọ́ síwájú tuntun. Wọn kò pe èyí ní ogún. Orúkọ tí wọ́n fún un ni èyí tí àwa onígírámà ń pè ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Láti Oslo, èrò yìí rìn jìnnà. Ní àwọn ọdún 1970, Alan Kay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwádìí Xerox ní California ṣe Smalltalk, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọdé pàápàá. Bjarne Stroustrup gbé C++ jáde ní 1985. Java dé ní 1995. Ní 2001, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ACM àti IEEE ṣe ka fífi ohun ṣáájú mọ́ àwọn ọ̀nà tí a lè gbà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ètò kíkọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀: ní 2011, Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde ní 2022.

Bí ó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń já ohun kan sílẹ̀. Ní Oslo, ayé ni ó ṣáájú, ọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ogún. A kì í pín ogún alààyè. Bí olóhun bá kú, a ó pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ohun tí ó kan Táyé kò kan Kẹ́hìndé. Nínú kọ̀ǹpútà, òbí kò kú, a kò sì pín nǹkan kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó gba gbogbo rẹ̀, tí òbí sì tún ní in. Èyí kì í ṣe ogún. Àbímọ́ ni.

Mo mú akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń mọ ìkòkò. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni gbogbo ìkòkò fi jọra?” Wọ́n ní amọ̀ ni gbogbo wọn, iná ni ó sun wọ́n, wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ kún un pé ìkòkò a máa gba omi dúró. Ó to àmù, ìṣaasùn àti àjẹrẹ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ, ó sì kà á fún ìyá. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àjẹrẹ tí ó lu jára, tí a fi ń yan ẹran lórí iná, ni yóò gba omi dúró? Ìkòkò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkòkò omi.”

Ìyá kò mọ̀ pé àwọn ti fọwọ́ kan ọ̀ràn tí Barbara Liskov gbé ka iwájú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1987: ohunkóhun tí a bá ṣèlérí lórúkọ òbí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè mú un ṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ pa ohun tí ó kọ rẹ́. Ó fi amọ̀, ẹnu àti ìdí sílẹ̀ fún ìkòkò. Ó dá ẹ̀yà ìkòkò omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé gbígba omi dúró síbẹ̀. Àmù bọ́ sí abẹ́ ìkòkò omi. Àjẹrẹ dúró ní tirẹ̀.

N kò ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní kíláàsì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó fún àwa olùkọ́ èdè ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn má baà ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí ogún ti ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ohun kan ní Java tàbí ní Python, kí a ní kí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní èdè tí ó fi ń ronú. Ẹni tí ó há ìtumọ̀ sórí lè yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n lọ́la, báǹkì yóò gbé owó ènìyàn lé ètò rẹ̀ lọ́wọ́, ilé-ìwòsàn yóò kó orúkọ aláìsàn sínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò fi àjẹrẹ pọnmi bí olùkọ́ kò bá bèèrè lónìí pé ta ni ó kú.