Joe Rogan àti ìjókòó wákàtí mẹ́ta

Àwọn tó wo ìjà UFC tí Israel Adesanya, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, fi gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Alex Pereira ní Miami, ní oṣù kẹrin ọdún 2023, mọ ohùn Joe Rogan, aláwàdà ará Amẹ́ríkà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìjà UFC. Òun ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Adesanya lẹ́nu nígbà tí ìjà parí, tó sì pa ẹnu mọ́ kí ọkùnrin náà tú tinú rẹ̀ jáde. Ọgbọ́n ìpanumọ́ yìí náà ló mú wọ inú pódíkáàsì tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Brian Redban, dá sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Ọgbọ́n náà ló sọ Rogan di ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ bí ẹyinjú, tí ọ̀pọ̀ mìíràn kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú èdè wa tó lè là wá lójú sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń wá nǹkan: ó ti gbà pé ohun kan fara pa mọ́ sẹ́nu ẹni tó jókòó síwájú òun, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fà á jáde. Ìtàkùrọ̀sọ yàtọ̀. Ẹni méjì jókòó, wọ́n ń sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń dá èkejì lẹ́jọ́. Ìtàkùrọ̀sọ ni Rogan ń ṣe. Òṣùwọ̀n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò làwọn alátakò rẹ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bi àríyànjiyàn yìí kò sí lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, torí orí àga kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń wáyé, àlejò kan náà ló sì ń jókòó sí i.

Rogan kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irú ìtàkùrọ̀sọ yìí. Láti ọdún 1978 ni Larry King ti ń fi gbogbo òru bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, kó tó gba orí tẹlifíṣọ̀n CNN lọ ní ọdún 1985. King a tún máa yangàn pé òun kì í ka ìwé àlejò òun kó tó dé, kí ìbéèrè òun lè jọ ti ará ilé tó ń gbọ́. Àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, aago ń lé King: ìpolówó ń bọ̀, wákàtí kan ti fẹ́ẹ̀ pé. Pódíkáàsì kò ní aago. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí padà, nítorí ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú tàbí olówó há sórí kúrò nílé kì í pẹ́ tán. Tó bá ti tán, èyí tó kù ni ènìyàn fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Elon Musk jókòó ti Rogan ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ. Wọ́n mu ọtí, Rogan na igbó sí i, Musk fà á. Kò lòdì sí òfin ní California, ṣùgbọ́n àwòrán náà kárí ayé, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, sì ní kí wọ́n yẹ ètò ààbò SpaceX, ilé iṣẹ́ Musk, wò. Akọ̀ròyìn tó ní ogún ìṣẹ́jú kò lè rí irú Musk bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àyè tó gba òótọ́ láti yọ jáde gba irọ́ náà. Ní ìparí ọdún 2021, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, dókítà Robert Malone fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀ tako abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí ètò náà. Àwọn 270 dókítà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera kọ̀wé sí Spotify, ojú òpó orin tó ti ra ẹ̀tọ́ àtimáa gbé ètò náà jáde. Neil Young àti Joni Mitchell kó orin wọn kúrò níbẹ̀. Rogan dáhùn pé òun kàn ń jókòó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Rogan sọ fún Josh Szeps, akọ̀ròyìn ará Australia, pé abẹ́rẹ́ náà léwu fún ọkàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ju àrùn kòrónà fúnra rẹ̀ lọ. Szeps ní kò rí bẹ́ẹ̀. Rogan kò gbà. Jamie Vernon, tó máa ń bá a wá nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, bá gbé àyẹ̀wò kan sójú ẹ̀rọ: ohun tí Szeps sọ ló wà níbẹ̀. Rogan wò ó, ó ń wá ọ̀nà àtigbà á, ó ń wá ọ̀nà láti má gbà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn fi hàn pé irinṣẹ́ àtiyẹ ọ̀rọ̀ wò wà nínú yàrá náà tẹ́lẹ̀. Àlejò tó lè jà ló ṣọ̀wọ́n.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á ní aláwàdà ni, kì í ṣe akọ̀ròyìn, àti pé bó bá ń dá àlejò lẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni kò ní wá mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi David Frost dá wọn lóhùn. Orí ètò àwàdà ni Frost ti gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó san $600,000 fún Richard Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ó bá a jókòó fún nǹkan bíi wákàtí 29 lọ́dún 1977, ó sì gba àwọn olùwádìí tó tú ìwé ẹjọ́ Watergate, ọ̀ràn tó lé Nixon kúrò nípò, kiri fún un. Nixon kò sá. Àlejò tó fẹ́ kí ayé gbọ́ tòun á jókòó. Èyí tí mo gbà lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ Rogan ni pé Frost gé wákàtí 29 yẹn kù sí ètò mẹ́rin tó jẹ́ ìṣẹ́jú 90 níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń gbọ́ Rogan kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gé ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé ibi tí wọ́n bá ti gé e ni wọ́n ti ń yí i.

Ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 2024 mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Donald Trump lọ bá Rogan ní Austin, wọ́n sì lò tó wákàtí mẹ́ta. Ní ti Kamala Harris, tó ń bá Trump díje, Rogan sọ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ kí òun wá bá a, kó sì jẹ́ wákàtí kan péré, ó kọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dìbò, ó kéde pé ẹ̀yìn Trump lòun wà. Ẹni tó ń tàkùrọ̀sọ lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní kó má sọ ọ́. Àmọ́ kó tó sọ ọ́, lórí YouTube nìkan, wọ́n ti wo ìjókòó Trump yẹn ju mílíọ̀nù 30 ìgbà lọ.