Ta ni ẹ̀ ń bá yọ̀? Àwọn ará Kétu, tẹlifísọ̀n àti bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè, 1980–2024

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2004, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ pàdé ní ìlú Sfax, lórílẹ̀-èdè Tùnísíà, nínú ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí gbogbo wa ń pè ní CAN. Mo ṣì kéré, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tẹlifísọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá wa ní Kétu. Bàbá mi ló ni ín, ṣùgbọ́n àbúrò wọn, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló máa ń yí àǹtẹ́nà rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà ni mo rántí jù. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ìdajì àgbàlá dìde, wọ́n ń hó yèè. Ìdajì kejì jókòó, wọ́n ń wò wọ́n. Bàbá mi wà lára àwọn tó jókòó. Bàbá Kékeré wà lára àwọn tó dìde. Olùkọ́ kan tó ń gbé nítòsí wa, tí kì í ṣe ọmọ Kétu, wá bi wọ́n ní èdè Faransé pé ta gan-an ni wọ́n ń bá yọ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí. Ìtàn ẹnubodè tó wà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí fún oyè ọ̀mọ̀wé, bọ́ọ̀lù kò sì sí nínú ètò tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Àwọn àgbà tí mo lọ bá ló mú un wọnú ọ̀rọ̀. Bí mo bá béèrè nípa aṣọ́bodè, fàyàwọ́ àti owó orí, wọ́n á dá mi lóhùn níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan bọ́ọ̀lù, wọ́n á sún àga mọ́ mi.

Ìtàn ẹnubodè náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka irú ìwé yìí. Ogun Dàhọ̀mì ti run Kétu ní 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tí wọ́n fi pín ilẹ̀ ọba náà sí méjì. Nígbà tí àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú wọn kọ́, wọ́n bá ara wọn lábẹ́ Faransé, àwọn ará wọn ní Ìmẹ̀kọ sì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ìlárá, ààlà gba àárín ìlú kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ ìtàn yìí ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ, n kò ní tún un sọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kéré, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ṣe pàtàkì: àǹtẹ́nà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa di alátìlẹ́yìn Nàìjíríà, kì í ṣe ìṣèlú. Tẹlifísọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó gba òmìnira. Ti Bẹ̀nẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1978. Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà láàárín wọn. Ní gbogbo àkókò náà, àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa á kọjú àǹtẹ́nà sí ibi tí àwòrán ti ń wá.

Bàbá kan tó ń ránṣọ ní Kétu sọ fún mi bí wọ́n ṣe wo àṣekágbá CAN ọdún 1980. Oníṣòwò kan ló ni tẹlifísọ̀n. Iná kò sí, bátìrì mọ́tò ni wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n di àǹtẹ́nà mọ́ orí ọparun gígùn kan, ọmọkùnrin kan sì di ọparun náà mú nínú oòrùn. Bí àwòrán bá ti ń fọ́, wọ́n á kígbe sí i kó yí i díẹ̀ síwájú. Ọmọkùnrin náà kò rí bọ́ọ̀lù kankan wò lọ́jọ́ náà. (Bàbá aránṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ èyí, mo sì fura pé àwọn gan-an ni ọmọkùnrin ọ̀hún.) Ní Èkó, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, Nàìjíríà fi 3 sí 0 na Àlgéríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Bàbá náà ka orúkọ wọn fún mi bí ẹni ń ka orúkọ ẹbí, wọ́n wá bi mí pé ṣé ẹni tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí lè jẹ́ àjèjì ní Kétu.

Bẹ́ẹ̀, ní ọdún yẹn, Bẹ̀nẹ̀ kò tíì lọ sí CAN kankan rí. Èyí ni àwọn tó ń bínú sí wa máa ń gbàgbé. Láti 1980 títí di 2004, ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko, kò sí ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ kankan nínú ìdíje náà tí ará Kétu ì bá tì lẹ́yìn. Nàìjíríà gba ife ní 1994, wọ́n lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà, wọ́n sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996. Ẹni tó yọ̀ nígbà náà kò fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbọ́ èdè wọn ló bá yọ̀.

Ìwé ìròyìn ìjọba kò ràn mí lọ́wọ́ lórí èyí. *Ehuzu* ayé ìjọba Kérékou àti *La Nation* tó gba ipò rẹ̀ lè sọ fún ni ẹni tó borí. Wọn kò lè sọ ẹni tó dìde nínú àgbàlá àti ẹni tó jókòó. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ni mo ní, mo sì mọ̀ pé ẹnu máa ń tún ìtàn ṣe.

Ọdún 2004 ló da ọ̀rọ̀ rú. Bẹ̀nẹ̀ dé CAN fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì kó o sínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Nàìjíríà borí pẹ̀lú 2 sí 1. Ní 2008, ní Gánà, wọ́n tún kó wọn papọ̀: 2 sí 0. Ní 2010, ní Àǹgólà, ìgbà kẹta: 1 sí 0. Ìgbà mẹ́ta tí Bẹ̀nẹ̀ jáde sójú ayé, Nàìjíríà ló ń pàdé lọ́nà. Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, ni wọ́n ń pe ikọ̀ wa nígbà náà; idì ni ti Nàìjíríà. Àwọn ará Ìmẹ̀kọ kò jẹ́ ká gbádùn lórí ọ̀rọ̀ ohun tí idì ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun kan nínú bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sfax. Ẹni tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Bẹ̀nẹ̀ rí ni Moussa Latoundji, ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ yẹn bí a ṣe ń kọ ọ́ lédè wa, Ọlátúnjí ni yóò padà jẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, dìde nígbà náà. Àwọn nìkan kọ́, Bàbá Kékeré náà dìde.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì mi kan sọ fún àwa tí à ń sọ Yorùbá nílé pé ká máa lọ sí Nàìjíríà wa. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ Faransé nìkan bí mo bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, àti pé yunifásítì ni mo ti wá kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí màmá mi fi tọ́ mi.

Ti Tógò tún yàtọ̀. Nàìjíríà kò lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006 ní Jámánì, Tógò ló lọ, Emmanuel Adebayor sì wà níwájú wọn. Bàbá Kékeré sọ ara rẹ̀ di ará Tógò fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí Adébáyọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kíní ọdún 2010, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ ikọ̀ Tógò ní Cabinda bí wọ́n ṣe ń lọ sí CAN. Igbákejì olùkọ́ni àti akọ̀ròyìn tó ń ṣe agbẹnusọ wọn kú. Bàbá mi pa tẹlifísọ̀n. Wọn kò wo CAN ọdún náà rárá, àní nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ń gbá. Bàbá Kékeré lọ ń wò ó nílé ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì kò sì sọ̀rọ̀ dáadáa títí ìdíje fi parí.

Ẹ má rò pé gbogbo ilé ló pín sí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Màmá mi kò sí níhìn-ín, wọn kò sí lọ́hùn-ún. Ẹ̀kọ àti ẹja díndín ni wọ́n ń tà, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń gbowó, ẹni tó ń wò ó ló ń sanwó iná. Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014, wọ́n dúró ti àwọn àáfà tó ń bínú sí àwọn tó fi tẹlifísọ̀n pa àdúrà alẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù wà ju àwa lọ, nítorí ẹja lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tó.

Ní 2019, ní Íjíbítì, Nàìjíríà kò sí nínú ìsọ̀rí wa. Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà gbá 2 sí 2, wọ́n gbá òmì pẹ̀lú Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù láìsí góòlù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n pàdé Mòrókò. Adilehou gbá ti wa wọlé, Mòrókò dá a padà, Ziyech sì gbá pẹnariti mọ́ òpó nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán. Pẹnariti la fi borí, 4 sí 1. A dé ìpele àwọn mẹ́jọ láìborí ẹnikẹ́ni láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú! Ní Kétu, àwọn ènìyàn tú síta. Ní ọjọ́ 10, Sẹ̀nẹ̀gàl fi 1 sí 0 lé wa nílé nírọ̀lẹ́, nígbà tó di alẹ́ Nàìjíríà na Gúúsù Áfíríkà. Bàbá Kékeré banújẹ́, ó sì yọ̀, lórí àga kan náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa gbà pé ọdún 2019 yìí ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù sọ wá di ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tán. Mi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò dárúkọ Mòrókò. Òkú tí wọn kò lè lọ sin ní Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ń kà fún mi.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ fi 2 sí 1 na Nàìjíríà nínú ìdíje láti lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Wọn kì í pe ikọ̀ wa ní ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ láti 2022. Guépards ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Jodel Dossou àti Steve Mounié sì dá a padà fún wọn. Bàbá mi ti ṣaláìsí, kò sí ẹni tó jókòó dípò wọn. Bàbá Kékeré pe ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìmẹ̀kọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbé e. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló tó pè padà. Ó ní ká má yọ̀ jù, pé Gernot Rohr tó ń kọ́ ikọ̀ wa, Nàìjíríà ló ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àwọn la ti gbà á. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí wọ́n ń ta àgbàdo lọ́dọ̀ wa.