Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2020

Ọdún 2020 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, jẹ́ ọdún ìdìbò gómìnà, ọdún àrùn kòrónà, àti ọdún tí ọba kan wàjà lọ́wọ́ àwọn agbébọn. Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ni gómìnà. Agboọlá Àjàyí, ọmọ Kiribo, ni igbákejì rẹ̀. Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà, tí Akérédolú jẹ́ alága wọn, ṣí ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sọ pé kò bá òfin mu. Nígbà tí ó yá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, Akérédolú sì fọwọ́ sí ti Oǹdó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ìbúgbàù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ kòtò jíjìn sí ojú ọ̀nà, ó sì ba ilé gbígbé, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Gómìnà sọ pé ọkọ̀ tí ó ń kó ohun abúgbàù lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ni ó bàjẹ́ sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Adékúnlé Adépélúmì, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yẹ kòtò náà wò, ó ní òkúta láti òfuurufú ni ó já lu ilẹ̀. Àlàyé méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, gómìnà fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti kó o.

Àìsàn yìí dé nígbà tí ìjà òṣèlú ti gbóná. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Àjàyí fi ẹgbẹ́ APC sílẹ̀ lọ sí PDP láìfi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí gómìnà gbé ìjọba lé òun lọ́wọ́ nígbà tí ó bá wà ní ìyàsọ́tọ̀, Akérédolú kọ̀. Nínú aṣòfin 26, àwọn 14 buwọ́ lu ìwé láti yọ Àjàyí. Òfin ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe 18, nítorí náà ètò náà forí ṣánpọ́n. Àjàyí pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì PDP fún Éyítayọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, ó sì lọ díje lábẹ́ ẹgbẹ́ ZLP.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, iná jó ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní Àkúrẹ́, ó sì run ẹ̀rọ ayẹ̀wò káàdì ìdìbò 5,141. Síbẹ̀ wọn kò sún ìdìbò síwájú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, Akérédolú wọlé pẹ̀lú ìbò 292,830. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 195,791, Àjàyí sì ní 69,127. Jẹ́gẹ́dẹ́ borí ní Gúúsù Àkúrẹ́, Àríwá Àkúrẹ́ àti Ìfẹ́dọrẹ̀. Àwọn 15 yòókù, títí kan Ìdànrè, jẹ́ ti gómìnà.

Oṣù yìí kan náà ni Ghana àti Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ sí gba àfikún 400 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kòkó kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà, nítorí náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè, tí kòkó jẹ́ iṣẹ́ ńlá wọn.

Lẹ́yìn ìyìnbọn Lekki nínú ìwọ́de EndSARS, rògbòdìyàn dé Oǹdó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa, ẹlẹ́wọ̀n 58 sì sá lọ.

Àwọn tí ó kú

Bámidélé Olúmilúà, gómìnà Oǹdó láti 1992 sí 1993, kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni. Ní àkókò ìjọba rẹ̀, Èkìtì ṣì wà lára Oǹdó, ọdún 1996 ni wọ́n tó pín in.

Wahab Adégbẹnró, kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, kú ní ọjọ́ 2 oṣù keje. Àrùn kòrónà tí ó ń gbógun tì ni ó pa á.

Ọba Israel Adéuṣì, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, wàjà ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá. Àwọn agbébọn yìnbọn lù ú ní Elégbẹ̀ka nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí ìlú rẹ̀.