Alfa Romeo Spider: Ọdún Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Pẹ̀lú Bọ́dì Kan Náà

Nínú àwọn ọkọ̀ kékeré tó ṣeé ṣí lórí tí àwọn ará Ítálì ti ṣe, díẹ̀ ló pẹ́ lọ́jà tó Alfa Romeo Spider. Oṣù kẹta ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Geneva, ọdún 1993 ni wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 124,000. Èyí tó ṣì wà ní pípé lónìí kéré sí iye yẹn gan-an, kì í sì í ṣe eré àsápajúdé ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti lọ. Omi òjò ni.

Milan ni wọ́n ti dá Alfa Romeo sílẹ̀ lọ́dún 1910. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ó ti lórúkọ nídìí ìdíje ọkọ̀, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ítálì láti 1933. Lẹ́yìn ogun, ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ olówó gọbọi? Ilé iṣẹ́ náà yíjú sí ọkọ̀ kékeré, ó sì gbé Giulietta jáde ní 1954. Oníṣòwò kan wà ní New York nígbà náà, Max Hoffman, tó ń kó ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣe Giulietta tó ṣeé ṣí lórí, pé òun yóò bá wọn tà á. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń ya àwòrán bọ́dì ọkọ̀ ló du iṣẹ́ náà: Bertone ya tirẹ̀ wá, Pininfarina náà ya tirẹ̀. Ti Pininfarina ni wọ́n mú. Giulietta Spider jáde ní 1955, Amẹ́ríkà sì rà á bí Hoffman ṣe wí. Ọkọ̀ 1966 tí à ń sọ yìí ló wá rọ́pò ìdílé yẹn.

Battista Farina, baba tó dá Pininfarina sílẹ̀, ni ọmọ kẹwàá nínú ọmọ mọ́kànlá. “Pinin” ni wọ́n ń pè é láti kékeré nítorí pé ó kéré láàárín wọn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ní 1961 ìjọba fún un láṣẹ láti so ó pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ nínú ìwé. Spider yìí wà lára iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 1966, kò tíì pé oṣù kan tí ọkọ̀ náà dé Geneva.

Ní ti orúkọ, Alfa Romeo ní kí gbogbo ayé bá òun sọ ọ́: wọ́n ṣe ìdíje, “Duetto” ló sì gbégbá orókè. Àṣé ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpápánu ti ń lo orúkọ náà ṣáájú wọn. Wọn kò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ náà, àmọ́ ẹnu ará ìlú ò gbà: Duetto ni wọ́n ń pè é títí dòní. Wọ́n tún kó mélòó kan sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá Raffaello, ó di New York, nítorí ibẹ̀ ni owó wà.

Ẹ wo bọ́dì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Imú rẹ̀ rẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀, méjèèjì sì yípo. Ìlà kan tó tẹ̀ wọnú gba abẹ́ fèrèsé kọjá láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò lẹ́nu àríyànjiyàn ní tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì alumíníọ́ọ̀mù 1570cc tí kámúṣáfù méjì wà lórí rẹ̀, tí ṣéènì ń yí wọn, agbára ẹṣin 109, gíà márùn-ún, búréèkì onídíìsì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá a du ọjà nígbà yẹn kò ju gíà mẹ́rin lọ. Ó lè sá tó kìlómítà 185 láàárín wákàtí kan. Èyí tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá: orí kánfáàsì rẹ̀ rọrùn débi pé ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn lè fi ọwọ́ kan ká a sẹ́yìn láìsọ̀kalẹ̀.

Nígbà tó di 1967, fíìmù Mike Nichols kan, The Graduate, jáde. Spider pupa kan ni Dustin Hoffman ń wà kiri nínú rẹ̀. Ìpolówó wo ló jùyẹn lọ? Ilé iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ kó tán lórí ahọ́n wọn, nítorí ní ọdún 1985 wọ́n ṣì sọ irú Spider kan tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní Graduate.

Ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n fi ṣe Spider àkọ́kọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 1570cc yẹn, kò ju bí 6,300 lọ. Ẹ́ńjìnnì di 1779cc, wọ́n sì ń pè é ní 1750. Èyí tó kéré, 1300 Junior, tẹ̀ lé e ní 1968. Ní ìparí ọdún 1969 wọ́n gé ìdí rẹ̀ pẹ́ú bí ẹni gé ìṣu, wọ́n sì gbé búùtù tó fẹ̀ sí i sí i. Èmi fẹ́ràn ìdí pípẹ́ú yìí ju tàkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń náwó lé e lórí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1962cc dé ní 1971. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọkọ̀ náà láàmú: èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dínkù, bọ́ńpà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìkọlù. Rọ́bà dúdú gùn wá síwájú àti ẹ̀yìn, ó sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe láti 1983 tilẹ̀ ru rọ́bà ńlá kan sórí búùtù, èyí tí mi ò rí ohun tó dára nípa rẹ̀. Fiat ra Alfa Romeo lọ́wọ́ ìjọba ní 1986, síbẹ̀ Spider ò dáwọ́ dúró. Ní 1990 Pininfarina tún fọwọ́ kàn án níkẹyìn: wọ́n yọ rọ́bà kúrò, wọ́n kun bọ́ńpà ní àwọ̀ bọ́dì, ìdí rẹ̀ sì tún rọra yípo bíi tàtijọ́. Ilẹ̀kùn àti àárín ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ti 1966.

Ó wá ku omi. Spider kò ní férémù lọ́tọ̀. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ àti àpótí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì ló di gbogbo rẹ̀ mú, kò sì sí irin òrùlé tí yóò bá wọn ru ẹrù. Ní ẹ̀yìn ìjókòó, níbi tí kánfáàsì ń ká sí, ihò kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan tí omi ń gbà jáde. Ewé gbígbẹ ló ń dí i. Omi á kó jọ, á rìn lọ sínú àpótí irin, á sì máa dípẹtà láti inú jáde, tí ẹni tó ń wà á kò ní mọ nǹkan kan. Ibi tí táyà àpọ̀jù wà nínú búùtù náà máa ń gba omi dúró. Nígbà tí ihò bá fi máa yọ síta, ilẹ̀kùn ti lè ṣòro láti pa nítorí pé bọ́dì ti ń tẹ̀ láàárín.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ Spider kì í kọ́kọ́ ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, gíà kejì tó máa ń ké rara ṣeé tún ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà. Ó máa bẹ̀rẹ̀, á fi òòfà kékeré wá ibi tí panẹbítà ti fi pọ́tì dí ihò lábẹ́ ọ̀dà, torí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì. Á wo àlàfo etí ilẹ̀kùn bóyá ó dọ́gba lókè nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, tí awọ ìjókòó rẹ̀ ti hunjọ, ṣùgbọ́n tí irin abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tí wọ́n jó mọ́ ọn ní ilé iṣẹ́, lè wọ́n ju èyí tí wọ́n tún kùn tó ń dán gbinrin. Wọ́n lè tún ọkọ̀ kùn nígbàkigbà. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti há dànù kò ní àtúnrà.

Ìwé àkọsílẹ̀ tún ń ran ẹni tó fẹ́ ra Spider lọ́wọ́. Ní Arese, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Milan, níbi tí ilé àkójọ ọkọ̀ àtijọ́ Alfa Romeo wà láti 1976, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wà tó lè fi nọ́ńbà bọ́dì sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ kan ní nígbà tí wọ́n ṣe é. Spider pupa tí ìwé bá ní funfun ni wọ́n bí i kò ṣọ̀wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ The Graduate ló fà á. Ní Ítálì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún bọ́ lọ́wọ́ owó orí tí olówó ọkọ̀ ń san lọ́dọọdún. Àwọn Spider tó jáde kẹ́yìn ní 1993 náà ti wọ agbo yẹn báyìí, pẹ̀lú bọ́ńpà aláwọ̀ bọ́dì wọn.