Ìdáhùn Àjàṣẹ́ sí Orin Blues

Nígbà tí àwọn olórin ìlú wa bá ta gìtá lálẹ́ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì fi ohùn arò lé orin blues, àwọn olùgbọ́ kì í dákẹ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á mirí, wọ́n á máa gbe orin náà. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wa a máa béèrè pé: kí ló kàn wá nínú orin àwọn ará Amẹ́ríkà? Ẹ jẹ́ kí ìtàn dáhùn.

Ní ọdún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ẹrú tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti Ouidah lọ sí Mobile, ní Alabama. Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Banté, wà lára wọn. Ọdún 1935 ló kú. Nígbà náà, àwọn adúláwọ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ti dá blues sílẹ̀. Mamie Smith sì ti gbé àwo "Crazy Blues" jáde ní 1920. A kò sọ pé Yorùbá ló ni blues. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan lé orin, kí ọ̀pọ̀ gbè é, kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa.

Àjàṣẹ́ pàápàá ti jẹ́ èbúté tí Ọ̀yọ́ ti ń ta ẹrú ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Brazil ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, púpọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà wá sí etíkun wa. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n mú burian bọ̀, pẹ̀lú ìlù onígun mẹ́rin rẹ̀. Orin òkè òkun ni nígbà tó dé. Lónìí, ta ni yóò sọ pé burian tí a ń jó níbi ọdún Bonfim, ní oṣù kìn-ín-ní, kì í ṣe ti Àjàṣẹ́?

Kì í ṣe òfin ló sọ ọ́ di tiwa. Àwọn ìdílé ló ná owó sí i, tí wọ́n jó o, tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ blues rí. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí: bí olórin bá ń lé tí kò rí ẹni gbè é, orin yóò kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a lọ síbi eré wọn, kí a sanwó ìwọlé, kí a sì gbè é.