Hayneville, Olú-ìlú Káúńtì Lowndes ní Alabama

Ìlú kékeré ni Hayneville ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 1,000. Síbẹ̀, òun ni olú-ìlú Káúńtì Lowndes, tó wà láàárín Selma àti Montgomery. Ní Amẹ́ríkà, olú-ìlú káúńtì ni kọ́ọ̀tù máa ń wà. Ibẹ̀ ni ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì, ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ń san owó orí àti ẹni tó lè dìbò. Ẹni tí ìwé wọ̀nyí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń darí ayé gbogbo ará káúńtì. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn òyìnbó díẹ̀ ló di ìwé Hayneville mú, tí àwọn ènìyàn dúdú tó pọ̀ jù wọ́n lọ kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn Muscogee, tí òyìnbó ń pè ní Creek, ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá 1813, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọlu Holy Ground, ìletò mímọ́ wọn lẹ́bàá odò Alabama, wọ́n sì dáná sun ún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àdéhùn Fort Jackson gba ilẹ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn òyìnbó láti South Carolina wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Lowndes sílẹ̀ ní 1830, orúkọ àwọn olóṣèlú South Carolina ni wọ́n fi pe ibẹ̀: William Lowndes ni wọ́n fi sọ káúńtì, Robert Hayne ni wọ́n fi sọ olú-ìlú.

Ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, tó gba òwú dáadáa, ni wọ́n torí rẹ̀ wá, ẹrú ni wọ́n sì kó wá ro ó. Ní 1860, nínú nǹkan bí ènìyàn 27,000 tó wà ní káúńtì náà, àwọn tó lé ní 19,000 ló jẹ́ ẹrú. Owó òwú yìí ló wà nílùú nígbà tí wọ́n kọ́ kọ́ọ̀tù ní 1856, ilé alájà méjì tó ní òpó gíga níwájú. Ó ṣì dúró títí di òní.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, ẹrú di òmìnira, àwọn ọkùnrin dúdú sì dìbò fún ìgbà díẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Alabama ti 1901 gba ìbò náà padà lọ́wọ́ wọn: ó béèrè owó kí ènìyàn tó dìbò, ó sì gbé ìdánwò kalẹ̀ tí òyìnbó tó ń ṣe é lè fi já ẹnikẹ́ni tó bá wù ú kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń pín irè oko pẹ̀lú rẹ̀, gbèsè kò sì jẹ́ kí wọ́n lè kúrò. Nígbà tí àwọn tó ń já òwú daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1935, ìbọn àti lílù ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Lowndes Ẹlẹ́jẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ará Lowndes ló jẹ́ ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò sí nínú ìwé olùdìbò. Orúkọ òyìnbó tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ ju iye òyìnbó tó dàgbà tó láti dìbò lọ. Ní oṣù Kẹta, àwọn tó lé ní 30 lọ sí Hayneville láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n dá wọn padà. Wọ́n tún lọ. Láìpẹ́, John Hulett àti oníwàásù afọ́jú kan, John Lawson, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé. Lóṣù náà ni Martin Luther King àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn gba Lowndes kọjá láti Selma lọ sí Montgomery. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìrìn náà parí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra ènìyàn dúdú, yìnbọn pa Viola Liuzzo, obìnrin òyìnbó kan láti Detroit tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn tó rìn. Kọ́ọ̀tù Hayneville ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀kan nínú àwọn apààyàn náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ohùn àwọn ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ kò ṣọ̀kan. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní kó máa lọ. Kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ní Montgomery ló wá dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún òun àti àwọn méjì mìíràn.

Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn ní Fort Deposit, ìlú mìíràn ní Lowndes. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pàǹtí ni wọ́n fi kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Hayneville. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, wọ́n ṣàdédé tú wọn sílẹ̀ láìsí ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ. Àwọn mẹ́rin nínú wọn lọ ra nǹkan mímu ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí. Tom Coleman, òyìnbó kan tó máa ń bá ṣẹ́ríìfù ṣiṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí wọ́n kúrò, ó sì na ìbọn sí Ruby Sales, ọmọbìnrin dúdú ọmọ ọdún 17. Jonathan Daniels, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, tì í kúrò, òun ni ìbọn sì pa. Ọmọ ọdún 26 ni, òyìnbó láti New Hampshire, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà. Coleman tún yìnbọn lu Richard Morrisroe, fadá Àgùdà kan, lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kú. Ruby Sales padà wá jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù ìlú tí wọ́n ti fẹ́ pa á. Ọkùnrin òyìnbó méjìlá ló dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá Coleman sílẹ̀.

Àwọn ará Lowndes kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n pe káúńtì lẹ́jọ́, ní 1966 ni kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ sì pàṣẹ pé a kò gbọ́dọ̀ yọ ènìyàn dúdú àti obìnrin sílẹ̀ mọ́ nínú àwọn tó ń dá ẹjọ́. Hulett àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ Stokely Carmichael àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Àkùkọ funfun ni àmì ẹgbẹ́ Democratic ní Alabama nígbà náà; wọ́n fi àmọ̀tẹ́kùn dúdú ṣe tiwọn. Àwọn onílẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ìdílé tó forúkọ sílẹ̀ kúrò lóko, àwọn kan sì gbé inú àgọ́ lẹ́bàá títì fún nǹkan bí ọdún méjì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún 1966, nǹkan bí 900 ènìyàn péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì First Baptist, tí kò jìnnà sí kọ́ọ̀tù, wọ́n yan ẹni tí yóò dúró fún wọn. Alice Moore, tó ń du ipò ìdíyelé owó orí, ní òun yóò bu owó lé àwọn olówó láti fi bọ́ tálákà. Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi lóṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ dúdú méjì, Huey Newton àti Bobby Seale, ti mú àmì àmọ̀tẹ́kùn náà lọ sí Oakland ní California, ibi tó ti di mímọ̀ káàkiri ayé. Ní 1970, wọ́n dìbò yan Hulett ṣe ṣẹ́ríìfù. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wà nípò náà.

Ìbò yí àwọn tó ń ṣàkóso padà, ṣùgbọ́n òṣì kò kúrò. Ilẹ̀ dúdú tó sọ àwọn kan di olówó kì í fa omi mu. Bí òjò bá rọ̀, omi ìdọ̀tí á padà sókè láti inú sọ́kàwéè, níbi tí owó bá tilẹ̀ wà láti gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ń da ìgbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní 2017, ìwádìí kan rí àmì aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, lára 19 nínú ènìyàn 55. Catherine Coleman Flowers, ọmọ Lowndes, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí ayé. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ìlera Alabama ṣàdéhùn láti tún un ṣe. Ní oṣù Kẹrin 2025, ìjọba Trump fagi lé àdéhùn náà. Ìpinnu tó burú ni, nítorí ìdọ̀tí ṣì wà lẹ́yìnkùlé àwọn ará Lowndes.