Franklinothrips: Kòkòrò Ọdẹ Inú Oko Èso

Kòkòrò tí à ń pè ní thrips kéré púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju mìlímítà 2 lọ. Bí àgbẹ̀ bá gbọ́ orúkọ wọn, ìbàjẹ́ ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn, nítorí wọn a máa fa omi ara ewé àti èso mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá oko. Ẹ̀yà kan wà láàrin wọn, Franklinothrips, tí ó jẹ́ pé àwọn thrips ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn kòkòrò kéékèèké mìíràn ni ó ń pa jẹ.

Ẹni tí ó bá rí i lórí ewé lè pè é ní èèrà. Abo rẹ̀ dúdú, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, àmì funfun sì wà níbẹ̀; bí èèrà ni ó ṣe ń sáré kiri. Inú ewé ni ó ń yé ẹyin sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ para dà, yóò ta òwú bo ara rẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin thrips.

Oko píà ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1996, wọ́n rí thrips àjèjì kan níbẹ̀, Scirtothrips perseae, tí ó ń ba èèpo èso píà kékeré jẹ́ títí yóò fi rí ṣákaṣàka bí awọ ọ̀nì. Inú èso náà ṣì dára, ó ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ojú ni oníbàárà fi ń ra ọjà, owó rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Franklinothrips orizabensis jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò tí ń pa á jẹ.

Àwọn onímọ̀ sìn ín, wọ́n sì tú u sínú oko, ṣùgbọ́n kò dín thrips náà kù bí wọ́n ti retí. Nítorí náà ni a fi gbà pé dídáàbò bo èyí tí ó ti wà nínú oko sàn ju ríra tuntun lọ. Oògùn apakòkòrò tí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ a máa pa ọdẹ náà pẹ̀lú. Kòkòrò ajẹwé a tètè bí sí i, ọdẹ a sì pẹ́ kí ó tó padà.

Ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀, Franklinothrips megalops. Kí àgbẹ̀ tó fọ́n oògùn sí igi èso, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí ewé wò. Bí ohun dúdú kan bá ń sáré níbẹ̀, kí ó wo orí àti ẹ̀yìn rẹ̀: ìwo orí èèrà a máa ṣẹ́ kọrọ bí ìgúnpá, èèrà òṣìṣẹ́ kò sì ní ìyẹ́. Ti Franklinothrips gùn gbọọrọ, ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.